Ọkọ̀ jẹ́jẹ́ lórí odò Mekong, bọ́ọ̀sì àti reluwé: èwo ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ̀gbẹ́ odò wo sì ni kẹ́ ẹ sùn?

Ọkọ̀ lèèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí. "Ṣé kí n wọ ọkọ̀ ojú omi ọlọ́jọ́ méjì yẹn ni àbí kí n kúkú wọ bọ́ọ̀sì?" Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tó yẹ kóun sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí ibi tẹ́ ẹ bá sùn ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí nínú ọkọ̀, ibi tẹ́ ẹ bá sì jókòó sí ló máa sọ bóyá ẹ máa gbádùn ọjọ́ méjì yẹn àbí ẹ máa máa ṣépè fún ẹni tó júwe ọ̀nà fún yín. Èmi ti sùn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo ti jókòó síwájú, mo sì ti jókòó ti ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Ibi tá à ń sọ nìyí o: lókè pátápátá ní àríwá Tháílàndì, ní ìpínlẹ̀ Chiang Rai, ìlú kékeré kan wà létí odò Mekong tó ń jẹ́ Chiang Khong. Tẹ́ ẹ bá dúró létí omi níbẹ̀, òdìkejì tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, Laos ni, ìlú Huay Xai, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bokeo. Odò yẹn ò fẹ̀ débi kan, ẹ máa rí aṣọ tí wọ́n sá lọ́hùn-ún, àkùkọ á kọ ní Laos ẹ máa gbọ́ ọ ní Tháílàndì. Láti Huay Xai lọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Luang Prabang, ìlú àtijọ́ tí UNESCO fi sára àwọn ibi ogún àgbáyé ní 1995. Ìrìn ọ̀hún á sún mọ́ kìlómítà 300 lórí omi, ọjọ́ méjì gbáko, ẹ sì máa sùn lọ́nà ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Pakbeng.

Chiang Khong àbí Huay Xai?

Láyé ijọ́sí, èèyàn kàn máa wọ ọkọ̀ kékeré, ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti dé Laos nìyẹn. Ó ti tán. December 11, 2013 ni wọ́n ṣí afárá ọ̀rẹ́ kẹrin láàárín Tháílàndì àti Laos, látìgbà náà àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè méjèèjì nìkan ló ń fi ọkọ̀ kékeré sọdá, àjèjì gbọ́dọ̀ gba orí afárá, afárá ọ̀hún sì jìnnà sí ìlú tó nǹkan bíi kìlómítà 10. Torí náà ẹni tó sùn sí Chiang Khong, tó ń fojú rí Huay Xai látojú fèrèsé yàrá ẹ̀, ó máa wọ tuk-tuk, kẹ̀kẹ́ elérò bíi Márúwá, lọ sí bọ́dà, wọ́n á lu òǹtẹ̀ jíjáde sí pásípọ́ọ̀tù ẹ̀, ó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tó ń sọdá torí wọn kì í jẹ́ kéèyàn fẹsẹ̀ rìn ín, ó máa tò ní ti Laos, ó máa gba físà tó bá jẹ́ ẹnu bodè ló ti fẹ́ gbà á, ó tún máa wá wọ tuk-tuk mìíràn padà wá sí ibi tó ti ń wò látàárọ̀. (Tẹ́ ẹ bá wà lórí afárá yẹn, ẹ wo ọ̀nà dáadáa. Apá òsì ni Tháílàndì ń wakọ̀, apá ọ̀tún ni Laos, ibì kan wà tí àwọn mọ́tò á ti dúró de iná kí wọ́n tó pààrọ̀ apá. Ó dùn ún wò, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.)

Gbogbo ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi fẹ́ gbéra. Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí mò ń lọ?

Ẹ̀ẹ̀kan tí mo sùn sí Chiang Khong, mo jí ní kùtù, mo rò pé mo gbọ́n. Mo dé bọ́dà, ìlà ti gùn. Ọkùnrin kan níwájú mi ò ní fọ́tò tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, wọ́n ń wá a kiri inú báàgì ẹ̀, gbogbo wa dúró. Nígbà tí mo fi dé èbúté, ìjókòó kan ṣoṣo tó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ooru ti ń fẹ́ síni lẹ́sẹ̀ tí àwọn tó ń lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì sì ń gba orí itan èèyàn kọjá. Wákàtí méje. Etí mi ń hó títí mo fi sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àmọ́ o, mi ò ní parọ́ mọ́ Chiang Khong, ìlú tó ń tuni lára ni. Láti Chiang Rai, bọ́ọ̀sì máa ń gbà tó wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ojú pópó kan ló gùn lọ létí odò, ATM wà, ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣí mọ́jú wà, oúnjẹ Tháì pọ̀, ilé ìgbàlejò sì mọ́ tónítóní. Ibẹ̀ náà ni àwọn apẹja ti máa ń pa pla buek, àrọ̀ ràbàtà inú odò Mekong, tẹ́lẹ̀. Ní 2005, wọ́n pa ọ̀kan tó wọn kílò 293 ní àdúgbò yẹn, ẹ fojú inú wò ó, ẹja tó wúwo ju ọkùnrin mẹ́ta tó sanra lọ. Ẹja ọ̀hún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lódò báyìí, torí náà tẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ gbé ẹran ẹ̀ fún yín jẹ, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ohun mìíràn tí Chiang Khong fi borí ni òwúrọ̀: lẹ́yìn òkè Laos ni oòrùn ti ń yọ, kùrukùru á ṣì wà lórí omi, ẹ máa mu kọfí yín ẹ ò ní fẹ́ dìde.

Ìrọ̀lẹ́ ni Huay Xai fi gbẹ̀san, torí ẹ̀gbẹ́ Tháílàndì ni oòrùn ń wọ̀ sí. Àtẹ̀gùn gígùn kan wà láàárín ìlú, ejò nla, naga ni wọ́n ń pè é, nà gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹ̀, ó ń gòkè lọ sí tẹ́ńpìlì Wat Chom Khao Manilat. Ẹ gùn ún láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Buddha tó ń gbálẹ̀ á máa fi yín rẹ́rìn-ín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dókè tẹ́ ẹ yíjú padà, gbogbo odò ti di bí idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Odi sójà tí àwọn Faransé kọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣèjọba níbẹ̀, Fort Carnot, ṣì wà lórí òkè kan, ó ti gbó, kò ju wíwò lásán lọ. Ọjà wà, ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra nínú agbọ̀n kékeré wà, laap wà, ẹran tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ewé olóòórùn àti ata, ẹni tó bá fẹ́ràn ata á mọ̀ pé òun ti délé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn Gibbon Experience wà níbẹ̀, tó ń múni lọ sun orí igi nínú igbó, téèyàn á máa rọ̀ mọ́ okùn wáyà láti orí òkè kan dé èkejì. Mi ò ṣe é. Ẹ̀rù ibi gíga ń bà mí, ká má tan ara wa.

Ẹ sì mọ̀ pé Bokeo tí wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ yẹn, kòtò òkúta iyebíye ló túmọ̀ sí, sàfáyà ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ pàdé lọ́nà ṣá.

Nínú méjèèjì, Huay Xai ni mo máa mú tó bá jẹ́ pé alẹ́ kan péré lẹ ní. Ẹ sọdá lọ́sàn-án, ẹ rọra gba físà yín nígbà tí bọ́dà ò kún, ẹ wo ìrọ̀lẹ́, ẹ sùn, lọ́jọ́ kejì ìṣẹ́jú mélòó kan nínú tuk-tuk lẹ ti dé èbúté. Tẹ́ ẹ bá ní alẹ́ méjì, ẹ fi ọ̀kan sí Chiang Khong, ọ̀kan sí Huay Xai, ẹ ò ní kábàámọ̀ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé kí n tó gbàgbé. Físà ẹnu bodè wà ní afárá yẹn fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, dọ́là tó mọ́ tí kò ya ni kẹ́ ẹ mú dání pẹ̀lú fọ́tò, torí ẹni tó bá san án ní baht, owó Tháílàndì, á san jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ má fọkàn sí i rárá, ẹ kọ́kọ́ bi ẹ́ḿbásì Laos kẹ́ ẹ tó gbéra. Èyí tó máa ń dun èèyàn jù ni ti Tháílàndì: tó bá jẹ́ físà ẹlẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fún yín, gbàrà tẹ́ ẹ bá ti sọdá afárá ó ti kú nìyẹn, ẹ ò lè padà wá wọ bàálù ní Bangkok. Ká ní Bangkok ni ẹ máa gbà padà sílé, ẹ ti gba ìwé àṣẹ ìpadàwọlé kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ tún mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́ńjú yẹn dání, Tháílàndì máa ń béèrè ẹ̀.

Ọkọ̀ jẹ́jẹ́ gan-an

Heua sa ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Pákó ni, ó gùn tẹẹrẹ, ó ní òrùlé, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣí sílẹ̀ sí atẹ́gùn. Ìjókòó inú ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ìjókòó mọ́tò àtijọ́ ni, wọ́n yọ ọ́ lára bọ́ọ̀sì kékeré, wọ́n gbé e sórí pákó, wọn ò kan òmíì mọ́lẹ̀ rárá, tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn tì í tagbáratagbára ẹ máa bá ara yín lórí itan ẹni ẹ̀yìn. Ẹ máa bọ́ bàtà kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹrù á lọ sí abẹ́ pákó tàbí sẹ́yìn, torí náà gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa lò lọ́sàn-án, ẹ gbé e dání. Nọ́mbà máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, nígbà míì wọ́n á tẹ̀ lé e, nígbà míì ẹni tó kọ́kọ́ jókòó ló ni ín, ẹ dé ibẹ̀ láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ká má fìyẹn jà. Èbúté gan-an ni kẹ́ ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti san owó fún ẹnì kan rí ní Tháílàndì tó ní òun á bá mi ṣètò gbogbo ẹ̀, owó tó gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n fún mi bíi ti ẹni tó rà á níbi wíńdò.

Wákàtí àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn á máa ya fọ́tò. Wákàtí kejì, wọ́n á dákẹ́. Ìgbà yẹn ni odò á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ máa rí ọ̀pá ìpẹja oparun tí wọ́n há sáàárín òkúta láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹfọ̀n tó rì sínú omi dé ọrùn, ọkùnrin tó dúró lórí àpáta tó ń ju àwọ̀n. Fún ìgbà díẹ̀ Tháílàndì ṣì wà lápá ọ̀tún yín, tó bá yá odò á yà kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, Laos ló kù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òkè lórí òkè. Ọkọ̀ á ṣàdédé yà síbi iyanrìn kan tí ẹ ò rí ilé kankan níbẹ̀, ó á fi imú gún etí omi, obìnrin kan á sọ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì méjì àti adìyẹ nínú apẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé á sáré sọ̀kalẹ̀ látòkè wá gbà á, ọkọ̀ á ti padà sẹ́yìn kó tó bọ́ bàtà ẹ̀ sẹ́sẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn abúlé míì ní náà nìyẹn. Èyí ni bọ́ọ̀sì ò lè fún yín láéláé.

Nínú ọkọ̀ wọ́n ń ta bíà, núdù inú ike, bisikíìtì. Ó wọ́n ju ti ìta lọ, ẹ ra búrẹ́dì àti èso ní Huay Xai.

Pakbeng: ojú ọ̀nà kan tó ń gòkè láti etí omi, ilé ìgbàlejò lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tó ń wá oníbàárà á ti dúró de yín létí omi, wọ́n á na àwòrán yàrá sí yín lójú. Ẹ má kánjú sanwó, ẹ kọ́kọ́ wo yàrá. Nígbà tí èrò bá pọ̀ ní December àti January, ó dáa kẹ́ ẹ ti bá wọn sọ ọ́ sílẹ̀. Lówùúrọ̀, ọkọ̀ ọjọ́ kejì lè má jẹ́ ti àná, ó lè kéré sí i, torí náà eré ìjókòó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.

Luang Prabang náà ní tiẹ̀. Èbúté tí wọ́n á já yín sí wà ní bíi kìlómítà 10 sí ìlú, ẹ tún máa san owó tuk-tuk. Inú máa ń bí àwọn èèyàn sí èyí gan-an, mo ti rí ẹni tó ní òun á fẹsẹ̀ rìn ín. Ó padà wá.

Àwọn yòókù

Ọkọ̀ eré, heua wai. Wákàtí mẹ́fà sí méje, ẹ ti dé. Ẹ máa ká orúnkún mọ́ àgbọ̀n, ẹ dé akoto bíi ọlọ́kadà, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹnikejì yín ń sọ, ọkọ̀ tó kéré báyẹn á máa fò lórí omi tó kún fún àpáta. Èèyàn ti kú sínú ẹ̀, pàápàá nígbà tí omi bá fà. Emi ò ní wọ̀ ọ́, mi ò sì ní bá yín wọ̀ ọ́.

Bọ́ọ̀sì máa ń gba Luang Namtha àti Oudomxay, ó lè tó wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títẹ̀ lọ́tùn-ún títẹ̀ lósì lórí òkè. Ẹni tí èébì máa ń gbé nínú mọ́tò, kó gbàgbé ẹ̀. Kò burú fún ẹni tí ọjọ́ ò tó, tí kò sì fẹ́ sanwó yàrá Pakbeng. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú fèrèsé.

Reluwé ló ń da ọ̀rọ̀ rú báyìí. December 3, 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tó so Laos mọ́ Ṣáínà, láti Boten lẹ́nu bodè Ṣáínà dé Vientiane, olú ìlú Laos, kìlómítà 414. Kò dé Huay Xai. Ẹ máa wọ ọkọ̀ elérò kékeré láti Huay Xai lọ sí ibùdó Na Teuy, bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà reluwé á gbé yín dé Luang Prabang ní bíi wákàtí méjì péré. Ọjọ́ kan ẹ ti parí ẹ̀, ẹ ti wẹ̀, ẹ ti jẹun. Ó mọ́, ó tutù, ó ń lọ lásìkò. Àmọ́ ihò abẹ́ òkè 75 ló wà lórí ojú irin yẹn ní Laos, àpapọ̀ wọn tó kìlómítà 198, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọ̀nà, nítorí náà òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ fírí, òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa wò títí ẹ máa fi sọ̀. Wọ́n tún máa ń yẹ ẹrù wò bíi ti pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀bẹ kékeré àti agolo tó ń fín nǹkan, wọ́n á gbà á. Tíkẹ́ẹ̀tì sì máa ń tètè tán nígbà ọdún.

Ọkọ̀ jẹ́jẹ́ ti àwọn olówó náà wà, irú Luang Say àti Shompoo, ọjọ́ méjì kan náà, odò kan náà, ìjókòó tìmùtìmù, oúnjẹ wà nínú owó ẹ̀, wọ́n sì ń dúró níbi tó yẹ kéèyàn wò. Tẹ́ ẹ bá ń mú ìyá tàbí bàbá yín lọ, ẹ má fi ti gbogbogbòò dán wọn wò, ẹ san án.

Ta ni kó wọ èwo? Ọkọ̀ jẹ́jẹ́ fún ẹni tó ní ọjọ́ méjì tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kan nínú ẹ̀, tí ẹ̀yìn ò sì dùn. Reluwé fún ẹni tó ń lé ọjọ́, tàbí tó gbọ́mọ kékeré dání, torí ọmọ ọdún méjì nínú ọkọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀, oorun ò ní kan ojú ìyá ẹ̀. Bọ́ọ̀sì fún ẹni tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì reluwé rà. Láti Luang Prabang wá sí Huay Xai náà, ọkọ̀ jẹ́jẹ́ wà, èrò máa ń dín níbẹ̀, àmọ́ omi lẹ̀ ń bá jà, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ìgbà tí mo fẹ́ràn jù ni November sí January. Omi ṣì pọ̀, ojú ọ̀run mọ́, àmọ́ òwúrọ̀ tutù lórí odò kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbàgbọ́ pé ilẹ̀ olóoru ni. Láàárín March sí April wọ́n ń sun oko, èéfín á bo gbogbo òkè, omi á fà, àpáta á yọ síta, ojú á máa ta yín.

Owó: kip ni ti Laos, kò wúlò níbòmíì, ẹ má ṣẹ́ èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ń gba baht ní Huay Xai. Ẹ gba owó yín ní ATM kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, ẹ má gbọ́kàn lé Pakbeng.

Wọ́n tún ń kọ́ dáàmù ńlá kan lójú odò yẹn, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ dé Luang Prabang, ẹ bèèrè ní èbúté Huay Xai kẹ́ ẹ tó sanwó bóyá ọkọ̀ ṣì ń lọ tààrà.

Ti ìjókòó ló kù. Iwájú tàbí àárín, kì í ṣe ẹ̀yìn, ẹ ti gbọ́ ìyẹn. Ìlà oòrùn ni odò kọjú sí jù, torí náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, apá ọ̀tún loòrùn máa ń gbá, ẹ jókòó sápá òsì. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tẹ́ ẹ bá rí àpáta gíga fíofío lápá òsì níbi tí odò Nam Ou ti ń já wọ Mekong, ẹ dìde kíákíá lọ sápá ọ̀tún: ihò Pak Ou ló wà lára òkè tó wà lápá ibẹ̀, àtẹ̀gùn funfun gòkè wọnú ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère Buddha ló wà nínú òkùnkùn ibẹ̀. Ọkọ̀ gbogbogbòò ò ní dúró.